Wá Lu Ìlù Kí Ìyá Nọ́ọ̀sì Lè Sùn

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì tún ọ kí. Mo lérò pé ara rẹ le, pé ọrùn ọwọ́ tó máa ń dùn ọ́ ti fi ọ́ sílẹ̀, àti pé àbúrò bàbá wa ò tíì sọ ìwọ náà di táìlì bí èyí tó ń ní kí o gbé kiri. Bó bá jẹ́ tèmi lò ń béèrè, mo wà. Màmá wa náà wà ní àlàáfíà. Orúnkún wọn ṣì ń ráhùn láàárọ̀, àmọ́ ẹnu wọn kì í ráhùn, àṣẹ ló ń pa. Wọ́n ní kí n bi ọ́ bóyá ò ń jẹun. Mo ti bi ọ́. Ó tó.

Mi ò ní fọ̀rọ̀ yí ọ lórí. Ilé orin wa, ibi iṣẹ́ mẹkáníìkì tí Bàbá Ẹ́ńjìnnì ń yọ̀ǹda fún wa ní gbogbo Sátidé, ti wà lẹ́nu ikú láti ìgbà tí o ti lọ. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ọkùnrin kan láti ọ́fíìsì ìlú á wá jókòó sínú yàrá Ìyá Nọ́ọ̀sì, obìnrin tí ilé rẹ̀ fara ti tiwa, nígbà tí ẹgbẹ́ wa bá ń ṣeré. Bí ariwo wa bá dé ibùsùn obìnrin yẹn, wọ́n á ti ibẹ̀ pa, ọkọ̀ nìkan ni wọ́n á sì máa tún ṣe níbẹ̀. Bí kò bá débẹ̀, a ó máa bá orin wa lọ. Mo fẹ́ kí o wá lu ìlù lọ́jọ́ náà. Ìwọ ni, kì í ṣe ẹlòmíràn. Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ kí o tó ká ìwé yìí pọ̀ sínú àpò.

Kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn ìlú ná, nítorí mo mọ̀ pé ṣe lò ń díbọ́n pé o ò fẹ́ gbọ́. Mo ṣì ń lọ káàkiri ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, ibi tí gìtá bá ti ń ké ni wọ́n ti máa rí mi. Àwọn ibi náà ò pọ̀ mọ́. Yàrá òkè ilé búrẹ́dì ti lọ, fíríìjì tó bàjẹ́ ni wọ́n kó síbẹ̀. Ilé ọtí ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin ti gbé tẹlifíṣọ̀n gàgàrà sórí pèpéle, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń wò níbi tí Wáyà, onígìtá wa, ti máa ń já okùn gìtá rẹ̀. Gbọ̀ngàn sinimá àtijọ́ ṣì wà, àmọ́ ẹni tó ni ín sọ pé olórin tí kò bá wọ kóòtù ò gbọdọ̀ wọlé. Mo bi í pé, "Ẹ̀yin sà, ṣé orin rọ́ọ̀kì lẹ fẹ́ àbí ìgbẹ́jọ́?" Ó ní ìgbẹ́jọ́ á dákẹ́ jù wá lọ. Ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ Ẹ Má Bínú ti túká. Wọ́n bínú síra wọn.

Àmọ́ gbọ́ eléyìí. Àwọn ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọṣọ ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, Aṣọ Tútù ni wọ́n pe ara wọn. Àwa nìkan la gbà wọ́n láyè. O mọ òfin ilé wa: ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ròkè jù ló ń kọ́kọ́ ṣeré, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ló ń kẹ́yìn, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ ká wáyà rẹ̀ nílẹ̀ títí àwọn ẹni tuntun á fi parí. Ìgbà kan wà tí mo fẹ́ yí òfin yẹn padà, torí ní ilé ẹ̀kọ́ òwò, ohun tó dára jù ni wọ́n ní ká fi sẹ́yìn kí èrò má bàa tú. Ẹ̀yin lẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí mo fi dákẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ní Sátidé tí wọ́n kọ́kọ́ ṣeré, Aṣọ Tútù ṣi orin kan náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún ṣì í. Gbogbo àwọn ọ̀gá tó ti ṣeré tán dúró síbẹ̀, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ka orin fún wọn títí wọ́n fi rí i mú. Èyí tó ń kọrin sunkún, ó sì ń kọrin lọ. Bí wọ́n bá ti ilé yẹn pa, níbo ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á ti lọ ṣàṣìṣe? Sọ fún mi.

Mo mọ ìdí tí o fi lọ. Mo wà níbẹ̀. Ìyá Nọ́ọ̀sì wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, wọ́n gba àárín èrò kọjá, wọ́n dúró síwájú rẹ. O dáwọ́ ìlù dúró. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mi ò wá bá ẹ jà. Mo tòògbé lórí ìdúró lẹ́nu iṣẹ́ lánàá, abẹ́rẹ́ aláìsàn sì wà lọ́wọ́ mi. Ṣé ó yé ẹ?" O gbé igi ìlù lélẹ̀, o bá ẹ̀yìn jáde. Nígbà tí mo bá ọ nílé, ohun tí o bi mí ni pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ìlù mi bá pa ẹni tí mi ò mọ̀ rí ńkọ́?" Kí n tó rí èsì fún ọ, o ti dé ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá wa, o sì ti búra pé o ò ní fọwọ́ kan ìlù mọ́.

Màmá ní kí n fi ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo ní, "Màmá, bí a bá pẹ́ lórí imí, eṣinkéṣin á bá wa níbẹ̀." Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Pẹ̀lú ẹnu ẹ yìí, ọkùnrin wo ló máa fẹ́ ẹ?" Mo ní, "Ẹni tó bá yára ni, Màmá." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. Láti ọjọ́ náà, wọn ò dá mi dúró mọ́.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìyá Nọ́ọ̀sì ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìlú, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Wáyà ní ká yí àkókò eré padà. Àkókò wo? Iṣẹ́ ọ̀sán lónìí, iṣẹ́ alẹ́ lọ́la ni tiwọn. Kò sí wákàtí tí a lè mú tí kò ní bá wọn lórí ibùsùn lọ́jọ́ kan. Nítorí náà, a kó fóòmù. Gbogbo tìmùtìmù tí àwọn èèyàn ń jù nù ládùúgbò, a lọ kó o, a fi bo ògiri yíká, a fi bo àjà. Wáyà bọ́ síta, ó gbé etí lé ilẹ̀kùn, ó lọ sí òdìkejì títì, ó padà wá, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó bímọ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹnikẹ́ni ò lè gbọ́ wa mọ́!" Òótọ́ ni. Àwa náà ò gbọ́ ara wa mọ́. Orin kú sínú fóòmù. Fèrè, akọrin wa, ṣe bí ẹni tí wọ́n dè mọ́nú àpò ìrẹsì. Èrò ń bi ara wọn léèrè bóyá iná ti lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Nọ́ọ̀sì kan ilẹ̀kùn. A rò pé wọ́n wá dúpẹ́ ni. Wọ́n ní, "Ó tiẹ̀ tún le sí i."

Wáyà ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Fèrè ní bóyá wọ́n kàn kórìíra wa ni. Inú bí mi, torí mi ò fẹ́ràn kí wọ́n máa fi àròyé rọ́pò iṣẹ́. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Mo kọjá sí ilé Ìyá Nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Mà, ẹ jẹ́ kí n dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì yín."

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Kí lo wí?"

"Ojú títì la ti ń gbọ́ ariwo wa. Ẹ̀yin ò sùn sójú títì. Mo fẹ́ gbọ́ ọ níbi tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ ọ."

"Hẹn. Ìwọ lọ̀gá wọn, àbí? Ó dáa. Bọ́ bàtà ẹ."

Yàrá náà mọ́ tónítóní. Wọ́n fi aṣọ òtútù dí fèrèsé, aṣọ iṣẹ́ kọ́ sára ìṣó, wọ́n sì yí ojú aago sí ògiri kí wọ́n má bàa máa wò ó. Mo fi fóònù sọ fún Wáyà pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Onílù ẹgbẹ́ Ìpàdé Ti Parí ló ń bá wa lu ìlù báyìí. Àbúrò mi, mi ò gbọ́ gìtá. Mi ò gbọ́ ohùn Fèrè. Ṣùgbọ́n ìlù ńlá tí ẹ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ yẹn ń gba ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì gòkè wá, ó ń wọ eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, gbì, gbì, gbì, bí ẹni tó ń fi ìka gún mi pé "ṣó o ti sùn? ṣó o ti sùn?" Eyín mi ń lu ara wọn. Mo fẹ́ dìde kí n lọ bá ẹnì kan jà, èmi tí mo ni wọ́n. Ìyá Nọ́ọ̀sì fara ti ilẹ̀kùn, wọ́n káwọ́ gbera, wọ́n ní, "Ẹ kú ìsinmi o, ọ̀gá."

Ilẹ̀ ló ń gbé e wá, ògiri ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo bi Bàbá Ẹ́ńjìnnì nípa ilẹ̀ ilé wọn. Wọ́n ní ilé ẹrù kan ṣoṣo ni ilé méjèèjì tẹ́lẹ̀, sìmẹ́ǹtì kan náà ni wọ́n dà sílẹ̀ rẹ̀, ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n mọ ògiri sáàárín. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ, Bàbá?" "Ta ló bi mí? Èmi náà bá yín gbé tìmùtìmù, àbí o ò rí mi?" Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe fi odidi ọ̀sẹ̀ wọ ògiri láṣọ, tí a ń tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí ẹni ẹlẹ́ni, tí a sì tún ń tẹ̀ ẹ́ le sí i torí pé a ò gbọ́ ara wa.

A tú fóòmù náà palẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ohùn yàrá wa padà. Lẹ́yìn náà, a ní ká gbé ìlù kúrò lórí ilẹ̀. Táyà àlòkù wà níbẹ̀ bí òkè, a to wọn, a tẹ́ pákó lé wọn lórí, a gbé ìlù gùn ún. Ó ń fò sókè sódò! Onílù Ìpàdé Ti Parí ò tíì lu orin kan tán tó fi sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun ò mọ̀ pé ọkọ̀ ojú omi la ní kóun wọ̀, ó sì sáré jáde lọ bì. Àwo idẹ ara ìlù já lé Wáyà lórí. Kò ṣe é ní nǹkan kan, orí yẹn ti le láti ilé. A tún un ṣe. A rọ yanrìn sínú táyà kí ara wọn lè wúwo, a gé rọ́bà nípọnnípọn sábẹ́ wọn, a kan pákó pọ̀ ní ìlọ́po méjì. Sípíkà ohùn ilẹ̀, èyí tó ń gbé ohùn wíwúwo jáde, tó jẹ́ pé ilẹ̀ yẹn náà la gbé e kà tẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wọn, a gbé òun náà sórí táyà tirẹ̀, a kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí títì. Mo padà lọ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò gbọ́ nǹkan kan àfi ẹ̀rọ omi wọn. Wọ́n ní kí n dìde, mo ti ń hanrun.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, àbí? Kò parí. O mọ onílù Ìpàdé Ti Parí. Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó ń tẹ ìlù bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn àna. Wáyà ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ìdánwò lásán ni? Ẹ jẹ́ ká fi oníjẹ̀lẹ́ńkẹ́ yìí ṣe é. Ọkùnrin ọ́fíìsì bá fọwọ́ sí ìwé tán, ó di kó máa lọ, àwa náà á wá lù ú bó ṣe wù wá." Gbogbo wọn mirí pé òótọ́ ni. Àní Fèrè, tí mo rò pé ó lọ́gbọ́n, mirí. Mo ní, "Tó bá wá di Sátidé, tí onílù tó lágbára bá gorí pákó, ìwé tí ọkùnrin yẹn fọwọ́ sí ni Ìyá Nọ́ọ̀sì á fi borí sùn?" Wáyà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà yẹn la ó mọ̀." Bàbá Ẹ́ńjìnnì tó wà lábẹ́ ọkọ̀ kan nígbà náà ò tiẹ̀ jáde. Ẹsẹ̀ wọn nìkan là ń rí. Wọ́n ní, "Ẹ máa fi ọkọ̀ òfìfo dán búréèkì wò, kẹ́ ẹ wá kó èrò sí i. Ẹ ń gbọ́ mi?" Kò sẹ́ni tó tún mirí mọ́.

Nítorí náà, onílù tó le jù ní ìlú yìí ni mo fẹ́ kó gorí pákó yẹn lọ́jọ́ ìdánwò. Ìwọ ni. Má ṣe bí ẹni pé o ò mọ̀. Ìwọ lo tẹ ìlù ilé ọtí ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ títí awọ rẹ̀ fi ya.

Mo lọ bá Ìyá Nọ́ọ̀sì, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí kan ọgbọ́n àrékérekè tí mo kọ̀. Wọ́n ń ro tíì wọn lọ. Wọ́n ní, "Ọmọkùnrin tó gbé igi ìlù lélẹ̀ lọ́jọ́sí, ibo ló wà?"

Mo ní ò ń kó táìlì.

"Torí tèmi?"

"Torí aláìsàn tó wà níwájú yín ni, mà. Ó ń bẹ̀rù pé ìlù òun á pa á."

Wọ́n gbé ife sílẹ̀. Àbúrò mi, mo ti rí obìnrin yẹn pẹ̀lú ìbínú, mo ti rí i pẹ̀lú yẹ̀yẹ́, mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ní, "Kò sẹ́ni tó kú. Sọ fún un. Mo wẹ ojú, mo dá abẹ́rẹ́ padà, mo pe ẹlòmíràn kó gún aláìsàn náà. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Pè é wá. Òun ló ń jí mi, òun náà ni kó wá wò ó bóyá mo sùn."

Báyìí ni a ṣe fẹnu kò. Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n á ti ẹnu iṣẹ́ alẹ́ dé, wọ́n á dùbúlẹ̀ ní tòótọ́. Ọkùnrin ọ́fíìsì á jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá, ọmọbìnrin wọn á sì wà níbẹ̀. Ìwọ á lu ìlù láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé ìparí. Wọ́n ti sọ fún mi pé àwọn ò ní díbọ́n nítorí àánú: bí àwọn bá jí, àwọn á sọ pé àwọn jí. Mo ní ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn. Bí wọ́n bá jí, èmi fúnra mi ni màá ti ilẹ̀kùn, màá fún Bàbá Ẹ́ńjìnnì ní kọ́kọ́rọ́, ní ọjọ́ kejì màá sì ti máa wá yàrá mìíràn. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Mi ò ní jókòó sunkún.

Ṣùgbọ́n tìrẹ ni mo ń rò. O bi mí ní ìbéèrè, o sá lọ kí èsì má bàa bá ọ. Táìlì tí ò ń gbé ò lè dá ọ lóhùn. Màmá ò lè dá ọ lóhùn. Èmi náà ò lè dá ọ lóhùn, bó ti wù kí ẹnu mi mú tó. Obìnrin kan ṣoṣo ló lè dá ọ lóhùn, ó sì ti gbà láti fi oorun rẹ̀ dá ọ lóhùn. Bí ìlù rẹ bá jí i, ìwọ náà á mọ̀, wàá sì gbé igi ìlù lélẹ̀ bí ọkùnrin tó mọ ohun tó ń ṣe. Bí kò bá jí i, ẹrù yẹn ti bọ́ lọ́rùn rẹ. Èyí tó bá jẹ́, ó sàn ju èyí tí ò ń ṣe lọ.

Mo ti bá àbúrò bàbá wa sọ̀rọ̀. Wọ́n kùn, wọ́n kùn títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ìwọ nìkan ni kì í fọ́ táìlì. Mo ní kí wọ́n máa ṣọ́ra fún èyí tó kù. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ wà nínú àpò ìwé yìí, ọkọ̀ Ọjọ́rú ni, nítorí mo fẹ́ kí o gorí pákó náà kó o tó sùn lọ́jọ́ yẹn, kó o mọ bó ṣe rí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Má kọ̀wé sí mi pé ò ń rò ó. Bí o bá fi máa rò ó tán, ọkọ̀ á ti lọ. Wọ ọkọ̀ kó o máa rò ó lọ lójú ọ̀nà.

Kí ọ̀nà gba ẹsẹ̀ rẹ. Kí ọwọ́ rẹ má ṣe gbàgbé ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, kí ọkàn rẹ má sì ṣe le ju bó ṣe rí lọ, torí ọkàn yẹn náà ni a fẹ́ràn lára rẹ, bó tilẹ̀ ń bí mi nínú. Kí Ẹlẹ́dàá wa jẹ́ kí o bá wa láyọ̀, kó sì jẹ́ kí àwọn tó yẹ kó sùn rí oorun sùn.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin,
tí kì í gbọ́ "ó di ọ̀la".

Àfikún: Mo ti fẹ́ lẹ ìwé yìí pa nígbà tí Ìyá Nọ́ọ̀sì yọjú lójú fèrèsé. Mo sọ fún wọn pé ìwọ ni mò ń kọ̀wé sí, mo sì ní ẹ̀rù ń bà mí pé wàá ṣàánú wọn, pé wàá fọwọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ lù ú. Wọ́n ní kí n kọ èyí gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wí i: "Sọ fún un pé kó má ṣàánú mi. Gbogbo agbára ẹ̀ ni kó fi tẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ jí ní ìrọ̀lẹ́, kí n bi ọmọ mi pé ìgbà wo ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀, kó wá sọ fún mi pé wọ́n ti ṣe tán."